Ẹ̀rọ Táípù Kejì

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ táípù, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń tẹ̀wé nígbà náà. Mi ò tíì pé oṣù mẹ́fà níbẹ̀, wọn ò sì tíì fún mi níwèé pé iṣẹ́ ti di tèmi, síbẹ̀ mo ń yan bí ẹni tó ni ilé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gbé orúkọ àwọn olùkọ́ fún mi láti tẹ̀ sórí bébà tí wọ́n ti fa òpó méjì sí. Òpó kìíní wà fún àwọn tí wọ́n gbà sẹ́nu iṣẹ́, èkejì fún àwọn tí wọ́n dá dúró. Èmi kì í wo òpó kí n tó tẹ àmì síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Iye ìgbà tí mo bá tẹ ọ̀pá gbọọrọ tí a fi ń fàyè sílẹ̀ ni mo máa ń kà, mo sì ń fi í yangàn. Ó ku ojú ewé kan ni ẹ̀rọ mi bàjẹ́. Mo sáré lọ yá ti ọ́fíìsì kejì, mo kà bí mo ṣe ń kà, mo sì lẹ ìwé náà mọ́ pátákó ìkéde níta láìtún un wò. Lẹ́tà ẹ̀rọ yẹn tóbi ju tèmi lọ, ó sì ti ti àmì òpó kìíní bọ́ sínú èkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ obìnrin kan láti Ìyìn wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ojú. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni mo ṣe tí wọ́n fi gba uṣẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Mo jáde lọ wo pátákó, mo sì rí ohun tí mo ṣe. Awakọ̀ ọ́fíìsì wa yóò gbé ẹ̀dà ìwé náà lọ sí olú iléeṣẹ́ ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án, bó bá sì ti débẹ̀, ó parí. Wọ́n sì ti lé ẹni tó ṣáájú mi nítorí irú àṣìṣe yìí. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo ń to bébà tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n tò. Obìnrin náà ń sunkún, mo sì ń gbọ́ ọ.

Ìgbà tí awakọ̀ ṣáná sí mọ́tò ni mo tó wọlé tọ ọ̀gá lọ, tí mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣì í tẹ̀, sà."

Ọ̀gá ní, "Lọ dá mọ́tò yẹn dúró. Kí o tún un tẹ̀ látòkè délẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí o sì máa wo òpó."

Wọn ò lé mi. Nígbà tí ọ̀gá sọ fún obìnrin náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́, ó dì mọ́ mi kó tó padà sí Ìyìn, ó ń gbàdúrà fún mi torí pé mo tètè rí àṣìṣe náà. Mo ń ṣe àmín. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mi ò sì sọ fún un rí pé láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀.