Bọ́ọ̀lù Tí Ìyá Mi Ní Kí N Fi Sílẹ̀

Kánádà ni mo ti kọ́ bọ́ọ̀lù yìí, nígbà tí mo lọ kàwé níbẹ̀. Kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá nílé o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Ó ṣọnṣọ lórí, ó ṣọnṣọ nídìí, ẹni tó bá sì gbé e, gbogbo ayé ló máa fẹ́ la onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e. Mo yára, mo sì lágídí, kò sí ohun mìíràn tí eré náà ń bèèrè. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù fi ní kí n wá. Inú mi dùn débi pé mo fi fídíò ìdíje kan ránṣẹ́ sí ìyá mi l'Ékòó.

Ojú ẹsẹ̀ ló pè mí padà, irú ìpè tí a ti ń rí ojú ara wa. Gbogbo ohun tó rí nínú fídíò ni àwọn géńdé tó dùbúlẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ó dìde níwájú fóònù, ó di ọmú rẹ̀ mú, ó ní, "Mo fi ọmú tí o mu yìí bẹ̀ ọ́. Fi í sílẹ̀."

Ẹni tí Yorùbá bí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún kóòṣì mi pé mo ń fi eré náà sílẹ̀ nítorí ìyá mi, ó bèèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọmú fún òyìnbó? Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Dubai. Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo ń gbé, ní àdúgbò Al Taawun, àárọ̀ Sátidé ni mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré náà ní pápá kan ní Al Barsha, ní Dubai. Mo fẹ́ràn wọn. Àmọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá já gba àárín èèyàn kọjá, àyà mi máa ń dùn mí.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi gba visit visa wá kí mi, mo sì mú un lọ sí pápá. Kí n má parọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ kó mọ ohun tí mo fi sílẹ̀ nítorí òun, kó kàn sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Ẹ wo ìyá mi! Kò pẹ́ tó fi dìde lórí àga. Ó gbọ́ tí àwọn òbí ń pariwo "Yalla," ìyẹn "ó yá" lédè Lárúbáwá, lòun náà bá gbà á lẹ́nu wọn: "Yalla! Sáré! Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mú ẹ!" Wọ́n la ọmọ kan mọ́lẹ̀, ó dìde, ó tún sá lọ. Màmá pàtẹ́wọ́ títí ìborùn rẹ̀ fi já bọ́.

Nígbà tí mo jókòó tì í, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Eré yìí mà dùn o! Ṣé òun kọ́ lò ń ṣe ní Kánádà nígbà yẹn? Kí ló wá dé tó o fi fi í sílẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀, kò sì díbọ́n. Ó ti gbàgbé ni. Lójú tirẹ̀, ìpè fóònù kan ni láàárín ọ̀pọ̀ ìpè. Òwe kan wà nípa ẹni tó ṣu àti ẹni tó kó o, èwo nínú wọn ló ń gbàgbé, ṣùgbọ́n a kì í pa irú rẹ̀ mọ́ ìyá ẹni. Ọkàn mi bàjẹ́.

"Orúnkún ni, Mà," ni mo wí. "Ó ń dùn mí nígbà yẹn."

"Háà! O ò sì sọ fún mi? Èmi tí ǹ bá ti gbàdúrà sí i!"

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi tí nǹkan kan kò ṣe rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan lójú gbogbo òbí. Èmi náà ń ṣe àmín.