Garawa Tí Ìyá Onígbálẹ̀ Kò Fọ̀

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Ìyá Onígbálẹ̀ fi gbálẹ̀ ilé ìwòsàn kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ọjọ́ kan tí ó gbé garawa sílẹ̀ láìfọ̀. Nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò bá wa sọ ààtàn ẹ̀yìn ilé ìwòsàn náà di ọgbà fún ẹyẹ àti labalábá, òun ló kọ́kọ́ dé, tòun ti ìgbálẹ̀ méjì.

A ṣa àfọ́kù ìgò kúrò, a gbin igi àti ewéko tí ilẹ̀ wa ti mọ̀ tipẹ́. Ọ̀gá tó ń mójú tó ilẹ̀ ìjọba wá wò ó.

Ó ní, "Mò ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì òní. Bí n kò bá fojú ara mi rí labalábá, ọkọ̀ ni a ó máa gbé síbí."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Onígbálẹ̀ rí i pé ewé igi bomubómu tí a gbìn ti lu bí ajere. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn kòkòrò abilà tó wà lára rẹ̀ sínú garawa, ó ń kọrin. Tíṣà, ọ̀kan nínú wa tó ti fẹ̀yìn tì bíi tirẹ̀, bá a níbẹ̀.

"Tíṣà, ẹ wò ó! Mo ti gba ọgbà sílẹ̀!"

Tíṣà yọjú wo inú garawa. "Yéè! Ìyá, labalábá wa lẹ kó sínú garawa yìí!"

"Labalábá wo? Èyí tí kò ní ìyẹ́?"

"Ọmọdé ni wọ́n. Ẹ̀yin gbé eyín wáyé ni? Ìyókù dà?"

Ìyá Onígbálẹ̀ wolẹ̀. "Garawa àkọ́kọ́... mo ti dà á fún adìẹ."

Mẹ́sàn-án ló kù. Ó dá mẹ́jọ padà sórí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan lẹ̀ mọ́ garawa, kò ṣeé yọ. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, a kò rí ọ̀kan mọ́, àfi èyí tí kò kúrò nínú garawa. Ó ti fara so mọ́ abẹ́ etí garawa náà, ó di àpò kékeré aláwọ̀ ewé, ó so rọ̀ bíi yẹtí.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Onígbálẹ̀ gbé àpótí, ó jókòó ti garawa.

A ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, garawa yín mà dọ̀tí o!"

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí. Bó bá rùn, ṣebí imú mi ni yóò gbóòórùn rẹ̀?"

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá dé, ó rìn yí ọgbà ká. "Ewé tí kòkòrò ti jẹ nìkan ni mo rí."

Ìyá Onígbálẹ̀ nawọ́ sí garawa. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ etí rẹ̀."

Àpò náà ti dúdú láti òwúrọ̀. Bí ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ wò ó, àpò náà là pẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ yọ, orí yọ, ìyẹ́ rírún tẹ̀ lé e, ó pọ́n bí ọsàn.

Ọ̀gá ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ń jáde! Ẹ wá wò ó, ó ń jáde!"

Tíṣà fò sókè bí ọmọ ọdún méje. A dúró títí ìyẹ́ náà fi gbẹ, tí labalábá fò, tó sì bà lé bomubómu.

Ọ̀gá ṣa ìwé rẹ̀. "Ọgbà yín ni. Mo ti fojú ara mi rí i."

Ariwo ayọ̀ sọ. Nígbà tí a wẹ̀yìn kí a dì mọ́ Ìyá Onígbálẹ̀, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ garawa rẹ̀.