Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Èèyàn Nínú

Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ áyọ́ọ̀nù. Àwọn oníbàárà kì í pe orúkọ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù, tí òun kàn ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ gbé aṣọ tó rún bí ojú arúgbó fún un, ẹ fún un láyè díẹ̀, á dá a padà fún yín bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ìrúnjọ aṣọ ni ọ̀tá rẹ̀. Ìbáà sá sábẹ́ kọ́là, ìbáà sá sí ìgbọ̀nwọ́, áyọ́ọ̀nù á wá a kàn.

Ohun tó kó bá a nìyẹn lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú.

Ọsibítù kó ẹrù bàbá lé e lọ́wọ́ nínú àpò ọ̀rá: bàtà, ṣòkòtò, àti ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tí wọ́n wọ̀ débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà lójú ọ̀nà ilé, ó ní kí òun yà síbẹ̀ mu omi. Ó rántí pé òun fa ṣẹ́ẹ̀tì náà yọ, òun sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìlọṣọ. Apá òsì rẹ̀ ti rún jọ níbi ìgbọ̀nwọ́ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n pa dé. Atúnrédíòṣe ni bàbá. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé rédíò lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n á gbé e sún mọ́ etí bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa yí nǹkan nínú rẹ̀. Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì wọn tí kò mọ ìjókòó yẹn. Bí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ pàápàá, apá á ṣì ká kò.

Ó wò ó, bóyá fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí èémí kan. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mọ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó fi sítáàṣì díẹ̀ sí kọ́là, ó lọ̀ ọ́. Ó gbé e kọ́ sórí háńgà, ó tilẹ̀ so nọ́ńbà mọ́ ọn bíi ti oníbàárà gbogbo.

Ọ̀gá rẹ̀ wọlé, ó nàka sí i.

"Ta ló ni tibí? Kò sí nínú èyí tí mo gbà o."

"Bàbá mi ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n! Ara wọn ti yá nìyẹn?"

"Wọ́n ti kú, mà."

Ọ̀gá dúró. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun náà kò mọ ibi tó gbà jáde: "Ó mọ́ o."

Ìgbà yẹn ni Alágbàfọ̀ tó gbójú sókè wo ohun tó ṣe. Ẹ̀wù náà mọ́, ó gún, ó le. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tirẹ̀ yàtọ̀: kò sunkún, kò sì ríran. Ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe. Ó dá àwọn tó wá kí wọn lóhùn, ó to àga, ó kó àga. Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín: o fọwọ́ kàn án, o mọ̀ pé tìẹ ni, kò sì dùn ọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ló fẹ́. Ó fẹ́ ya àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe rí nígbà tó jáde nínú àpò. Ó sì ní láti yára, nítorí ojoojúmọ́ ni ìrúnjọ kan ń pa rẹ́ lọ́kàn rẹ̀, bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù mìíràn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó tàn án.

Kò ya nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó ra pẹ́ńsù àti ìwé funfun, ó yà á, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gbé e sí ojúewé ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ayàwòrán pọ̀ sí bí èrò ibùdókọ̀. Àwọn kan kọ "Iná!" síbẹ̀. Ẹnì kan kọ "Ọ̀gá ni ẹ́!" Ẹlòmíràn bèèrè bóyá àpò sìmẹ́ǹtì ni. Ó ka gbogbo rẹ̀. Bákan náà ni wọ́n rí lójú rẹ̀, ìyìn àti èébú. Kò sí èyí tó lè fi yí ìlà kan padà nínú wọn.

Ní ìdákọ́ńkọ́ ni obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké kọ̀wé sí i: "A jẹ́ mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó mọ àwòrán yà nínú wa. Bó o bá ń bọ̀, a ó di márùn-ún."

Ó lọ, nítorí obìnrin náà kò purọ́ fún un. Ojú Mẹ́rin ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Lọ́jọ́ tó wọlé, Tíṣà yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Ojú Márùn-ún.

Òfin méjì ni wọ́n ní. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "ó dára". Ibi tí ojú rẹ dúró sí ni kó o sọ. Èkejì, a kì í ya èyí tó bàjẹ́ dànù; a máa ń fi hàn. Lẹ́yìn Tíṣà, Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀ jù, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló ń yà. Wẹ́dà wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ohun yòówù kó yà, irin ló ń jọ. Dírẹ́bà sì ni ẹnì kẹrin, tó ń yàwòrán níbi tó bá ti ń dúró de èrò, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Alágbàfọ̀ gbé àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú wọn.

"Ojú mi dúró síbi háńgà," Tíṣà kọ.

"Tèmi náà," Dírẹ́bà kọ.

Ohùn ni Wẹ́dà fi ránṣẹ́, òòlù ń dún lẹ́yìn rẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, háńgà yẹn lágbára ju ẹ̀wù lọ o! Aṣọ yìí ò ní èèyàn nínú. Ṣé wọ́n jí ẹni tó ni ín gbé ni?"

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn: "Wo ẹnu! Ìwọ tó o ya adìẹ tá a pè ní géètì."

"Mọ́mì, géètì tó ń yé ẹyin ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. *Aṣọ yìí ò ní èèyàn nínú.* Òótọ́ ni. Àjèjì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

Bó ṣe ń yà á lọ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ pé kó dẹ́kun ìlà fífà, kó fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ya òjìji. Tíṣà ní kó di ojú díẹ̀ bó bá ń wo nǹkan, kó lè rí ibi tó dúdú jù. Wẹ́dà, ẹni tí ò ṣeé bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ló sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: "Irin kì í déédéé tẹ̀. Nǹkan kan ló tẹ̀ ẹ́. Ìrúnjọ tìẹ, o kàn ń wọ́n ọn ká bí iyọ̀ ni. Kí ló fà á?" Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀. Kọ́là dúró bíi kọ́là. Síbẹ̀, bó bá dé ìgbọ̀nwọ́ òsì, irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wọ̀. Ó jókòó síwájú dígí, ó ká apá kò, ó gbé ọwọ́ sétí. Èèyàn fífẹ̀ ni bàbá. Òun rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Ìrúnjọ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ó bọ́ ọ. Ó tún un lọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

"Alágbàfọ̀, tọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?" Tíṣà bèèrè. "Èyí tó bàjẹ́ náà, a fẹ́ rí i."

Ó kọ̀wé, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: "Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi ni. Wọ́n ti kú. Mo lọ̀ ọ́ kí n tó ronú. Mi ò rántí bó ṣe rún mọ́."

Ó ń retí "ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn" àti "Ọlọ́run á tù yín nínú", ó sì ti múra àtidúpẹ́ bó ṣe ń dúpẹ́ láti ọjọ́ yìí. Kò gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ya apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ṣì ní àmì ibi tó ti máa ń ká a sókè. Wẹ́dà ya apá ẹ̀wù tirẹ̀, iná ti lu ú ní ihò kéékèèké. Tíṣà ya ẹnu apá ẹ̀wù tó ti fẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tó ń fà á. Dírẹ́bà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kọ ìlà méjì sábẹ́ tirẹ̀: "Apá tí mo ń gbé lé fèrèsé ọkọ̀ nìyí. Wo ibi tó rún sí."

Ó wò ó. Ó da gbogbo wọn kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, lórí tábìlì ìlọṣọ tó ṣì gbóná. Ibi tó ti ń da apá Dírẹ́bà kọ ló ti yé e pé òun ti ń bi ara òun ní ìbéèrè tí kò tọ́. Kì í ṣe bí aṣọ ṣe rí ló yẹ kí òun máa wá. Kí ni apá ń ṣe? Ìyẹn kò tíì pa rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ìwúwo rédíò ní àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ́ kó fa ẹnu apá ẹ̀wù wálẹ̀, ó jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ gba ìyókù. Rédíò fúnra rẹ̀, kò yà á. Kò ya ọwọ́.

Ìyá rẹ̀ bá ìwé náà lórí tábìlì nílé, níbi tó ti ń bó ọsàn. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́. Alágbàfọ̀ dúró de "ó dára", nítorí ìyá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

"Bọ́tìnnì yẹn," ìyá ní.

"Kí ló ṣe é, Màmi?"

"O dè é. Ìgbà wo ni bàbá ẹ de bọ́tìnnì ọwọ́ rí, ọkọ mi? Ó ní ó máa ń ha rédíò onírédíò." Ó wò ó díẹ̀ sí i. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí ọsàn.

Ó tú bọ́tìnnì náà, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́.

"Bọ́tìnnì ni tèmi o," Wẹ́dà kọ, kò ṣàwàdà kankan.

"Ìgbọ̀nwọ́," Tíṣà kọ.

"Ìgbọ̀nwọ́," Dírẹ́bà kọ.

Ìbéèrè ni ti Mọ́mì Nọ́ọ̀sì: "Kí ni bàbá yìí gbé sétí?"

Alágbàfọ̀ kò sọ iṣẹ́ bàbá fún wọn rí. Kò sí etí lórí ìwé náà. Ó ka ìbéèrè yẹn, ó tún un kà.

"Rédíò," ó kọ.

"Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà. Wọ́n ṣì ń tún un ṣe."

Ó ti rò pé bí òun bá rí i yà, ara tó ti kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun. Kò dùn ún. Ó fi fóònù sápò, ó fa aṣọ tó kàn jáde nínú agbọ̀n, ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan tí kò mọ̀, ó tẹ́ ẹ. Apá ọ̀tún rún ju tòsì lọ, ó sì rún sókè níbi èjìká, bíi ti ẹni tó máa ń gbé nǹkan kọ́ ọ.

"Kí lò ń wò lára aṣọ aláṣọ?" Ọ̀gá rẹ̀ pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ti ń bọ̀ wá gbà á o!"

"Mo ti rí i, mà," ó ní.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì lọ̀ ọ́.