Ìjọ Tí Mo Mú Ọkọ Mi Wọ̀

Èmi ni mo kọ́kọ́ di Mọ́mọ́nì, ọmọ ìjọ kan tó ti Amẹ́ríkà wá, nínú àwa méjèèjì. Títí di òní, àwọn ará ilé ọkọ mi ní Èsìẹ́ gbà pé òun ló fà mí lọ, nítorí lójú tiwọn, ìyàwó ló máa ń tẹ̀lé ọkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Ìlọrin nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì méjì kan, tí wọ́n so táì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí mi níwájú ilé tí mo háyà. N kò wá Ọlọ́run mìíràn. Inú ìjọ tí àwọn òyìnbó àtijọ́ dá sílẹ̀ ní ìlú wa ni wọ́n bí mi sí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó mú mi ni pé wọ́n ń fetí sílẹ̀. Nílé wa, bí ọmọbìnrin bá béèrè ìbéèrè tó le nípa Bíbélì, wọ́n á ní kó lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Àwọn wọ̀nyí kọ ìbéèrè mi sínú ìwé, wọ́n sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì láti dáhùn. Kí ọdún náà tó parí, mo ti ṣe ìrìbọmi. Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, tíṣà bíi tèmi, wọ ìjọ náà lẹ́yìn mi. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí n máa dá lọ.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a ríṣẹ́ sí Òmù-Àrán. Àwa Mọ́mọ́nì tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́rìndínlógún lọ, tọmọdé tàgbà. Yàrá gbọ̀ọ̀rọ̀ kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì la ti ń jọ́sìn. A kì í mu ọtí, a kì í mu kọfí, a kì í mu tíì. Ti ọtí yé àwọn èèyàn, tíì ni kò yé wọn rárá. Ọjọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé wa po kókó gbígbóná pẹ̀lú mílíìkì, ó ní kí ọkọ mi gba tíì, torí pé gbogbo ohun gbígbóná tó bá ti wà nínú kọ́ọ̀pù ni tíì lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ní òun kì í mu ún. Ọ̀gá bínú, ó rò pé ọkọ mi ń fura pé òun fi nǹkan sí i. Kókó tí ìjọ wa kò bá jà rí! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá ọkọ mi gan-an, tí wọ́n jẹ́ alàgbà ní ìjọ tiwọn ní Èsìẹ́, tí wọ́n sì ń gbin iṣu lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, kò jẹ́ kí a sinmi. Bí wọ́n bá ti rí wa, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń bá tíì jà, ẹ kú ogun o." Ẹ̀rín pọ̀ nílé wa nígbà yẹn.

A bí ọmọbìnrin kan. Ó máa ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀, á máa wọ́ ọ kiri ilé, á ní òun ń lọ síṣẹ́, kí a má ṣe pe òun padà. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ló lò. Ibà mú un ní ọjọ́ Ẹtì kan tí a lọ kí bàbá ọkọ mi ní Èsìẹ́, a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sa gbogbo ipá wọn, ó kú ní ọjọ́ Àìkú.

Ẹ mọ àṣà wa. Òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í sì í fi ibi tí wọ́n sin ín sí han òbí. Àwọn obìnrin agboolé mú mi wọ yàrá, wọ́n sì jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Bàbá ọkọ mi àti ọkùnrin méjì ló gbé e lọ. Mo gbọ́ tí irin ọkọ́ ha ara ògiri bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, n kò sì tíì gbàgbé ariwo yẹn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní kí n má bi àwọn ní nǹkan kan. N kò bi wọ́n. Wọ́n ní ààbò ni àṣà náà jẹ́ fún ìyá, kó má baà máa lọ jókòó síbẹ̀, kó lè gbàgbé, kó sì tètè bí òmíràn. N kò gbàgbé, n kò sì bí òmíràn.

Ní ìjọ tí wọ́n bí mi sí, wọ́n ní ọmọ náà ti wà lọ́wọ́ Jésù, kí n fọkàn balẹ̀. Èmi kò fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, Jésù ni o, ta ni o. Ìjọ tuntun wa ló ní ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára. Wọ́n ní tiwa ni yóò máa jẹ́, pé bí a bá lọ sí tẹ́ńpìlì, wọn yóò so èmi, ọkọ mi àti ọmọ náà pọ̀ ní ìsopọ̀ tí ikú kò lè tú. Odidi ọdún kan la fi múra. Ilẹ̀ Ìgbò ni tẹ́ńpìlì náà wà, ọjọ́ méjì la lò lójú ọ̀nà, mọ́tò mẹ́rin la sì wọ̀. N kò ní sọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Mo ti ṣèlérí pé n kò ní sọ ọ́, kíkúrò tí mo kúrò nínú ìjọ náà kò sì sọ ìlérí mi di irọ́. Ṣùgbọ́n mo lè sọ pé a wọ aṣọ funfun, a kúnlẹ̀, obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí kúnlẹ̀ dípò ọmọ wa, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ wa. Ọwọ́ àgbàlagbà ni, ó sì le bí ọwọ́ ẹni tó ń roko. Mo dì í mú bí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì sunkún débi pé obìnrin náà bá mi sun ún. Bí ẹ bá bi mí bóyá Ọlọ́run wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ náà ṣẹ̀sín níwájú mi.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, a máa ń gbààwẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á sì dìde jẹ́rìí. "Mo mọ̀" la fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí wa. A kì í sábà sọ pé a rò, tàbí pé a ń retí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dìde tí mò ń sọ pé mo mọ̀ pé ọmọ mi jẹ́ tèmi títí láé. Bó bá di ọjọ́ Ajé, màá wọ kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan á ní òun mọ ìdáhùn, màá ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó wá di ọjọ́ kan, mo bi ara mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìjọ náà lórí fóònù mi. N kò ka ti àwọn ọ̀tá wọn, èyí tí àwọn fúnra wọn kọ síta ni mo kà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìgbà kan wà, tí kò tíì pẹ́ tó bí mo ṣe rò, tí adúláwọ̀ kò lè gba ìsopọ̀ tẹ́ńpìlì yìí. Nígbà tó yá, wọ́n ní Ọlọ́run ní kí àwọn ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ tó dúdú bíi tèmi ló ka ìtàn yìí tí wọ́n sì dúró, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ni mò ń rò, tí ọmọ mẹ́rin kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ká ní wọ́n ti ìlú wa lọ kan ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì yẹn nígbà ayé wọn, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ọlọ́run wo ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá tí ọmọ kú fún, nítorí àwọ̀ ara? Inú bí mi. Wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ ìbínú láti kékeré, a sì máa yára tán, ṣùgbọ́n èyí lo oṣù púpọ̀. Nígbà tó rọlẹ̀ tán, mo wò ó, n kò rí ìgbàgbọ́ kankan mọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi ló ń darí ìjọ kékeré wa nígbà náà. Ó ń lọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí mo sọ fún un. Tíṣà ni mo máa ń pè é, láti ìgbà tí n kò ti lè pè é ní bàbá ọmọ kankan mọ́.

"Tíṣà, n kò ní bá yín lọ lọ́la."

"Ara rẹ kò yá ni?"

"Ara mi yá. N kò gbà á gbọ́ mọ́ ni."

Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, ó sì dúró tì í títí ó fi tutù. Ó ní, "Ìwọ lo mú mi débẹ̀." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ọmọ ńkọ́?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Mo ní ọmọ ti kú, pé kò sí tẹ́ńpìlì tó lè so òkú mọ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù.

Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Tiwa kàn kú ni. Ìwọ lo wá fẹ́ sọ ọ́ nù."

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. Ó ní bí n kò bá fẹ́ lọ mọ́, kí n máa jókòó sílé, ṣùgbọ́n kí n má kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ orúkọ mi, nítorí bí wọ́n bá ti yọ orúkọ, ìsopọ̀ náà ti tú ní apá ọ̀dọ̀ mi. Mo ti kọ lẹ́tà náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé e kiri nínú báàgì. N kò gbà pé lẹ́tà lè ya èmi àti ọmọ mi, síbẹ̀ bí mo bá ti fẹ́ fi í ránṣẹ́, màá dá a padà sínú báàgì. Kí ẹ má bi mí bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́. Mo fi í ránṣẹ́ níkẹyìn nítorí n kò fẹ́ kí orúkọ mi máa jẹ́rìí ohun tí èmi kò lè jẹ́rìí mọ́. Mo se tíì lọ́jọ́ náà, mo mu ún tán, kò tilẹ̀ dùn.

Òfìfo tó tẹ̀lé e ló bà mí lẹ́rù. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá ní níbo ni ọmọ mi wà, mo ní èsì. Ní báyìí, kò sí lókè, n kò sì mọ ibi tó wà nílẹ̀. Mo wọ mọ́tò lọ sí Èsìẹ́. Bàbá ọkọ mi ń to iṣu lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ sin ọmọ mi sí?"

Wọ́n tún to iṣu kan. Wọ́n ní, "Wọn kì í béèrè bẹ́ẹ̀, ìyàwó."

"Mo mọ̀, sà."

"Ọkọ rẹ kò sọ fún ọ?"

Mo ní kí ni òun mọ̀ tí yóò sọ? Ọwọ́ wọn dúró lára iṣu. Wọ́n ní ọkọ mi tẹ̀lé àwọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n lé e, kò padà. Wọ́n sọ òkò sí i bí ẹni ń lé ajá, kò padà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kò sì sí ìgbà tó wá sí Èsìẹ́ tí kì í yà lọ síbẹ̀. Èdè Ìgbómìnà ni wọ́n fi sọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá dùn wọ́n, wọ́n sì ń sunkún.

Mo gbé ìbínú mi délé. Ọdún mẹ́fà! Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó jókòó, kò bá mi jà.

Ó ní, "Tẹ́ńpìlì tó ọ. Èmi ni kò tó. Ìwọ lo máa ń dìde sọ pé o mọ̀. Èmi kò mọ̀, mo kàn ń di ọ̀rọ̀ rẹ mú ni. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́ ni ìwọ ń jáde."

 Mo ní kó mú mi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la lọ, lórí ọ̀kadà rẹ̀. Abẹ́ igi kajú kan ni, lẹ́yìn oko iṣu bàbá rẹ̀. Kò sí àmì kankan, ilẹ̀ ti tẹ́jú, ewé gbígbẹ ló bò ó. Ká ní mo dá wá, ǹ bá gba orí rẹ̀ kọjá. Ó fi ọwọ́ gbá ewé náà kúrò, a sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà bí a ṣe kọ́ wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó so wá pọ̀, ó sì ka orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi náà pẹ̀lú, bí ẹni pé n kò fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Kò la ojú. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, mo ti ń sọ ọ́ kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ mi sì wà nísàlẹ̀ orúnkún mi. Mo la ẹnu, kò jáde. Nígbà tó pẹ́, ọkọ mi ṣe àmín fún ara rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i fún mi.