Ọta Ọmọ Ayò Mẹ́ta

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé rédíò màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan kan bọ́ sínú abọ́ onírin lẹ́yìn ilé kejì. Kò! Ó dákẹ́ díẹ̀. Kò! Ìró náà kò jọ ti òkúta, kò sì jọ ti kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé màmá mi, tó jẹ́ olùkọ́, wá sí Ẹ̀pẹ́, mi ò sì tíì mọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Mo gba àlàfo ara ògiri kọjá láti lọ wo ohun tó ń dún.

Bàbá àgbàlagbà kan ló jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò. Òórùn kẹrosíìnì àti ti epo tó fi ń nu irin ló kọ́kọ́ ta sí mi nímú. Ọdẹ ni. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ki láti ẹnu, fara ti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abọ́ funfun kan wà níwájú rẹ̀, ó ń ju ọta òjé sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ́tí sí wọn.

“Ọmọ Tísà,” ó ní, láìgbé ojú sókè. Mi ò mọ bó ṣe mọ̀ pé èmi ni. “Ojú tìẹ mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ. Wá bá mi wo òṣùwọ̀n yìí.”

Òṣùwọ̀n náà kò ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí ó fi òwú so kọ́ ní agbede méjì, tí ìdérí ìgò sì rọ̀ sí orí rẹ̀ méjèèjì. Ó kó ọmọ ayò mẹ́ta sínú ìdérí kan, ó gbé ọta kan sínú èkejì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n sọ bóyá igi náà dúró gbọọrọ tàbí ó tẹ̀. Ọta tó bá wúwo ju ọmọ ayò mẹ́ta lọ, inú agolo kan lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jù ú sí, kò sì ní wò ó mọ́.

Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tó máa ń bá a lọ sígbó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ pa àgbọ̀nrín ni àbí ẹ fẹ́ fi ẹ̀pà ṣe é lálejò? Ẹ fi ọta gidi sí i.”

“Ìwọ tí ò ń fi ọta gidi sí i, mélòó lo pa lọ́sẹ̀ tó kọjá?”

“Ẹyọ kan. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mi ò pa nǹkan kan.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Àgbọ̀nrín ti mọ̀ yín. Tó bá rí yín lókèèrè, á kúnlẹ̀, á ní ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tó dákẹ́, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ọta tó wúwo ò mọ ibi tí ẹran parí sí,” ó ní. “Á wọlé níhìn-ín, á jáde lọ́hùn-ún, á sì máa lọ. Ṣé o rí àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ sí ọ̀nà Ejìnrìn yẹn? Ta ló wà lẹ́yìn ẹran tí o yìnbọn sí? Èyí tó fúyẹ́, inú ẹran ló máa dúró sí. Àmọ́ o ní láti sún mọ́ ọn. O ní láti sún mọ́ ọn débi tí wàá fi gbọ́ bó ṣe ń jẹ ewé lẹ́nu.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Bàbá yí etí sí ọ̀nà ọ̀sà. Mo gbọ́ adìyẹ. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan lókèèrè. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

“Kò tíì balẹ̀,” ó ní, ó sì mú ọta mìíràn.

Ọdún márùn-ún ni mo fi bá a wọn ọta. Mo mọ ìyàtọ̀ ìró wọn nínú abọ́ kí n tó mọ ìsọdipúpọ̀ dáadáa. Mo tún mọ̀ pé agbọ̀n kan wà lórí igi àjà nínú yàrá rẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, a kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, máa ń rọra gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ni Bàbá sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá.

Ó ní ó ti pẹ́, ó tó ogójì ọdún. Òun wà ní àhéré fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, àgbọ̀nrín kan yọ síwájú òun. Òun lóṣòó sísàlẹ̀, ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà lọ sí ọjà Ejìnrìn sì wà lókè lẹ́yìn ẹran náà. Ọdẹ igbó yẹn kì í yìnbọn kọjú sí ọ̀nà náà ní ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀la ni ọjà nínú ìṣirò òun. Òun ò mọ̀ pé wọ́n ti mú un wá sí ọjọ́ yẹn gan-an nítorí òkú àgbà kan. Ọta ọmọ ayò mẹ́fà ló wà nínú ìbọn.

“Ó gba inú ẹran kọjá,” ó ní. “Ẹran ṣubú. Ọta, tó bá jáde, wàá gbọ́ ọ: á lu igi, tàbí kó wọlẹ̀. Mo gbọ́ ewé. Mo tún gbọ́ ewé. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Ó gun òkè lọ. Agbọ̀n ẹja yíyan kan ló bá lójú ọ̀nà, ó dojú dé, èèrà kò tíì débẹ̀. Kò rí ènìyàn. Kò rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè fi ìyẹn búra, nítorí ọwọ́ òun fúnra òun kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹran.

Ní ọ̀nà ọjà yẹn, ẹni tó bá rí ẹrù tó sọnù máa ń fi í kọ́ sórí igi létí ọ̀nà, kí ẹni tó ni ín lè padà wá mú un. Bàbá kò kọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á béèrè ẹni tó yìnbọn. Ó da ẹja náà sínú ọ̀sà láìwò ó, ó sì gbé agbọ̀n wá sílé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi lọ káàkiri Ejìnrìn tó ń fọgbọ́n béèrè ìbéèrè kan náà: ta ni kò padà sílé lọ́jà? Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ló padà.

“Ṣùgbọ́n àlejò ńkọ́?” ó bi mí, bí ẹni pé èmi lè mọ̀. “Ẹni tí wọn ò mọ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo pààyàn kí n tó kú. Ìyẹn nìkan ni. Tó o bá mọ̀, wá sọ fún mi. Kódà tí mo bá ti lọ, ṣáà wá sọ ọ́ níbẹ̀.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọkàn sí ọwọ́ tó máa ń gbé sókè. Lọ́dún yẹn, ó ní ọta náà ṣì ń fò, ó wà lókè ọ̀sà. Lọ́dún kejì, ó ní ó ti dé ẹ̀yìn ọjà ẹja. Nígbà tí mo pé mẹ́rìnlá, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ó ti dé orí máńgòrò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi náà gbọ́ nǹkan: ìró tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bíi ti kòkòrò tó ń fò kọjá létí ènìyàn, àmọ́ tí kò kọjá. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síhìn-ín pẹ̀lú pé oyin wà lórí igi náà lọ́dún yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo wà ní yunifásítì nígbà tó kú. Mo dé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti lọ, Ìyá Àgbà gbé àga, ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ jó o. Obìnrin kan tó ń kó ẹja yíyan wá fún un láti Ejìnrìn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń wá sí ilé yẹn, àgbàlá ló sì máa ń dúró sí. Ó pariwo.

“Agbọ̀n ìyá mi rèé!”

Mo sáré gbé agbọ̀n náà sẹ́yìn mi. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ má wò ó ná. Kí ló wà nídìí rẹ̀?”

“Ọmọ yìí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?” Ó wo Ìyá Àgbà, ó tún wò mí. “Awẹ́ pákó ni. Bàbá mi ló fi òwú àwọ̀n rán an mọ́ ọn. Òwú aláwọ̀ ewé.”

Mo yí i dé. Èéfín ti bo gbogbo rẹ̀. Mo fi èékánná ha á. Pákó wà níbẹ̀. Òwú náà yọ, ó jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Ó ní ìyá òun ń lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ kan, nǹkan kan sì gbá ẹrù orí wọn bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n sá títí dé etí omi.

“Ṣé wọ́n farapa?” mo béèrè.

“Farapa kẹ̀? Wọ́n darúgbó kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n wọn ò tún fi orí ru ẹrù mọ́. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n rán lọ wo orí igi bóyá wọ́n ti kọ́ agbọ̀n síbẹ̀. Mi ò bá nǹkan kan. Wọ́n ní iwin ló gbé e.”

Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹni tó sọ agbọ̀n nù,” ó ní. “Bàbá ò béèrè ìyẹn rí.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ sí ibojì rẹ̀, mo sọ fún un bó ṣe ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́.

Àdúgbò Lasunwon ní Ìkòròdú ni mò ń gbé báyìí. Ọmọ ayò mẹ́ta wà nínú àpò tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ fún mi tó dá a lójú, mo máa ń yí ìbéèrè mi padà kí n tó gbà á gbọ́. Nígbà mìíràn tí iná bá lọ, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́, mo máa ń rí i pé ọwọ́ mi ti wà lókè.

Nítorí náà, ohun tí mo rí nìkan ni màá fi parí rẹ̀. Kí obìnrin náà tó gbé agbọ̀n lọ, mo mú ọta kan nínú agolo àwọn tó wúwo, mo wọ̀n ọ́n: ọmọ ayò mẹ́fà géérégé. Mo wá ara agbọ̀n náà títí ìka mi fi kan ihò kan lábẹ́ èéfín. Ọta náà wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Mo lè sọ pé inú ẹja ni ọta Bàbá há sí, pé òun fúnra rẹ̀ ló dà á sínú ọ̀sà, tó sì ń dẹtí sí i láti ìgbà náà. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìyẹn. Mo gbé agbọ̀n náà sínú oòrùn, mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ihò tó gbà wọlé nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ibi tó gbà jáde.