Ojú Ọmọ Mi Lára Ògiri

Nígbà tí ọmọbìnrin mi kú, wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. Àṣà wa ni: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Mo gba ìyẹn. Ohun tí n kò gbà ni pé nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, gbogbo fọ́tò rẹ̀ ti kúrò nílé wa ní Gwarinpa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Apo, ló kó wọn lọ, ó ní kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló pa ti orí fóònù àwa méjèèjì rẹ́.

“Omi ló dànù, agbè ò fọ́,” ni gbogbo àwọn tó wá kí wa ń wí. Mo ń ṣe àmín, inú sì ń bí mi. Ta ló sọ fún wọn pé agbè ò fọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fọ abọ́, mo fẹ́ rántí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ò wá sí mi lọ́kàn. Mo rí yúnifọ́ọ̀mù rẹ̀, mo rí irun rẹ̀, ẹnu ò wá. Ẹ̀rù bà mí. Ikú ti mú un lọ, àwa náà tún fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Ni mo bá mú èédú kan nínú àpò èédú tí a fi ń dáná bí gáàsì bá wọ́n, mo dojú kọ ògiri pálọ̀. N kò ya àwòrán kankan rí láyé mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ògiri ni: ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ, kó wá wó ilé.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà jọ ewúrẹ́. Mo nù ún, mo tún un yà. Ojoojúmọ́ ni. Ọwọ́ tó ń di irun rẹ̀ mọ bí iwájú orí rẹ̀ ṣe yọ. Ọwọ́ tó ń fi ìpara pa á lójú mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ náà ò lọ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú èédú lọ́wọ́, èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ mi wo àwòrán náà, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wọ yàrá. Mo fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé lọ́jọ́ Sunday.

“Kai! Ìyàwó, kí lèyí? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Gbé omi àti ọṣẹ wá.”

“Ẹ fọ̀ ọ́, Anti. Tí ẹ bá ti lọ, màá tún un yà. Èédú ṣì kún àpò.”

Ó fa akísà yọ, ó sún mọ́ ògiri. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè dé ẹnu ọmọ náà, ó dúró.

“Eyín rẹ̀ ò pé báyìí,” ló wí. “Ti òkè, lápá òsì, ti ká. Èmi ni mo gbé e sókè tó fi ju eyín náà sórí òrùlé. Ẹ̀rín ẹ̀ lọ́jọ́ náà!” Ó ju akísà náà sílẹ̀. “Fún mi léèdú.”

Ó kun àlàfo eyín náà dúdú, ó ń sunkún. Ọmọ mi sì rẹ́rìn-ín sí mi.

“Anti,” ni mo wí, “ẹ kó fọ́tò ọmọ mi wá lọ́la. Èyí ò sì ní kúrò níbẹ̀.”