Orúnkún Ọmọ Mi Láàárọ̀

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, síbẹ̀ mò ń pọ̀n ọ́n lọ síléèwé. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko lábúlé Gbaffo máa ń dúró wò wá bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè wa.

"Irú ọmọ wo lẹ̀ ń pọ̀n yẹn? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, inú á bí mi. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó wá sun ilé mi mọ́jú, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Tílẹ̀ bá mọ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á ti wú, á le bí igi. Kò ní lè dìde lórí ẹní. Màá fi aṣọ tí mo rẹ sómi gbígbóná dì í. Kì í ké, á kàn máa mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i tó ń fo okùn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé irọ́ ló ń pa. Bàbá rẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ rò pé kò fẹ́ lọ síléèwé ni.

Nígbà tí mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, làkúrègbé ni dókítà pè é. Mo ní ṣebí àrùn àgbàlagbà nìyẹn. Ó ní rárá, ó ń ṣe ọmọdé náà. Ara ọmọ ló ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Ọ̀tá kọ́ ló fi ṣe é. Oògùn wà tí á máa tù ú lára, ṣùgbọ́n àìsàn náà lè pẹ́ lára rẹ̀, ó sì lè má lọ. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù.

"Ìyá, ẹ má pọ̀n ọ́n mọ́. Orúnkún tí kò bá nà, bó ṣe ká kò yẹn ló máa gan sí."

Ẹ̀yìn mi tí mo rò pé ó ń gbà á là! Mo sunkún délé lórí alùpùpù, tí ẹni tó gbé wa ń bi mí bóyá ẹnì kan kú ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí omi gbígbóná ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó nawọ́ pé kí n bẹ̀rẹ̀ kóun gun ẹ̀yìn mi. Mo kọ̀. Mo dì í lọ́wọ́ mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbé e. Nígbà tá a délẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

"Màmá, tí mo bá ń rìn báyìí lójoojúmọ́, ṣé àìsàn yìí máa lọ?"

Mo ní ká yáa máa lọ, iléèwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé.